Ẹ Jẹ́ Kí Òkú Sinmi: Ẹjọ́ Tí Mo Ní Pẹ̀lú Àwọn Tó Ń Ṣe Eré Akọni

1.
Ẹ̀yin tèmi tí ẹ fẹ́ràn eré akọni, ẹ fìdí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, ó sì máa ta àwọn kan lára. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo ní: crossover kò burú, ẹ̀dà akọni náà kò burú. Ohun tó burú ni kí wọ́n máa fi méjèèjì pa ikú rẹ́. Eré tí ikú kò bá ti já mọ́ nǹkan kan mọ́, kò sí akọni níbẹ̀ mọ́. Aṣọ lásán ló kù.

2.
Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: crossover ni kí akọni eré kan gbéra lọ bá akọni eré mìíràn, kí wọ́n jọ kojú ọ̀tá kan. Ti ẹ̀dà, wọ́n á ní ayé kò mọ ní ẹyọ kan. Ìwọ kan wà níbí, ìwọ mìíràn wà ní Earth-2. Ojú kan náà, ìwà ọ̀tọ̀, ìgbésí ayé ọ̀tọ̀. Ẹ rò pé a ò mọ irú nǹkan báyìí tẹ́lẹ̀ ni? Kí ni àkúdàáyà?

3.
Ẹ jẹ́ ká dúró lórí àkúdàáyà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa la gbọ́ ìtàn náà ní kékeré. Ọkùnrin kan kú, wọ́n sin ín. Nígbà tó yá, ará ìlú rẹ̀ kan rí i ní ìlú òkèèrè, ó ti fẹ́yàwó, ó ń tajà. Ṣé ó máa ń bá wọn padà sílé? Rárá o. Bí àṣírí bá ti tú, ó pòórá nìyẹn, ìyàwó tó fẹ́ síbẹ̀ á di opó. Òfin wà nínú ìtàn yẹn: òkú kò lè yọjú kí ẹnì kan má san gbèsè rẹ̀. Òfin yẹn gan-an ni àwọn òǹkọ̀wé tẹlifíṣọ̀n ń fọ́.

4.
Arrowverse ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló ṣe é dáadáa jù, òun náà ló bà á jẹ́ jù. Arrow bẹ̀rẹ̀ lórí CW ní oṣù Kẹwàá 2012. The Flash dé ní oṣù Kẹwàá 2014. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, eré méjèèjì ṣe crossover, episode méjì péré. Kò sí pé ayé fẹ́ parẹ́. Oliver kọ́ Barry pé kó máa wo ibi tó ń sáré wọ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Barry náà rán Oliver létí pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ni. Oníkálukú gbé nǹkan kan lọ sílé. Ó tán. Ó dùn.

5.
Ẹ wá wo Crisis on Earth-X, oṣù Kọkànlá 2017. Ayé kan tí àwọn Násì ti borí. Oliver kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ìkà, Kara kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ìkà. Ìbọn ba Professor Stein. Òun àti Jax ló máa ń para pọ̀ di Firestorm, nítorí náà bí Stein bá ń kú lọ, Jax náà ń bá a kú lọ. Stein gbé oògùn tó máa já okùn tó so wọ́n pọ̀ mu, ó sì kú, kí Jax lè yè.

6.
Jax ló lọ tú ọ̀rọ̀ náà fún ìyàwó Stein àti ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí Jax fi kúrò nínú Legends. Ẹ rí i? Ikú kan nínú crossover tú ẹgbẹ́ kan ká nínú eré ọ̀tọ̀. Àlejò wá, àlejò lọ, àmọ́ àga kan ṣófo nílé. Crossover tí kò bá fi àga kankan sílẹ̀ lófìfo, tí kò sì fi ọgbọ́n kankan kún tẹni tó gbà á lálejò, ìpolówó ọjà ni.

7.
Láti Earth-X yẹn kan náà ni Leo Snart ti wá. Leonard Snart tiwa ti kú ní 2016, ní òpin season 1 Legends of Tomorrow. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, Mick Rory, kò tíì gbádùn láti ìgbà yẹn. Ló bá di pé ẹnì kan dé pẹ̀lú ojú Snart, àmọ́ onínúure ni, ó fẹ́ràn kéèyàn sọ bó ṣe ń ṣe é jáde lẹ́nu. Inú bí Mick! Ó sì yẹ kó bí i. Ojú ọ̀rẹ́ ẹ ló ń wò, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ. Ẹ̀dà yẹn kò gba ipò òkú. Ṣe ló fi hàn wá bí ipò òkú ṣe ṣófo tó.

8.
Ti Laurel Lance ló tún wọni lára jù. Laurel kú nínú Arrow ní oṣù Kẹrin 2016. Kò pé oṣù méjì, Laurel ti Earth-2, Black Siren, yọjú nínú The Flash, ó sì padà wá sínú Arrow. Apànìyàn ni. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi bàbá rẹ̀, Quentin, ṣe. Bàbá mọ̀ pé ọmọ òun kọ́ nìyí. Síbẹ̀ kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ní 2018, Quentin gba ìbọn nítorí rẹ̀, ó sì kú.

9.
Bàbá kan kú nítorí ọmọ tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Obìnrin yẹn sì ní láti máa gbé ayé lọ pẹ̀lú ohun tí kò ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tó bá ní ìtàn ẹ̀dà kò lè ní ìjìnlẹ̀, ẹ ní kó lọ wo ìyẹn. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ìdí tí inú fi ń bí mi nìyẹn. Kì í ṣe pé wọn ò mọ ọ̀nà. Wọ́n mọ ọ̀nà, wọ́n wá gba inú igbó.

10.
Ẹ gba Harrison Wells. Tom Cavanagh ló ń ṣe é. Season 1, ọ̀tá ló gbé ojú Wells wọ̀. Season 2, wọ́n mú Harry wá láti Earth-2. Season 3, H.R. dé, aláwàdà tí kò mọ sáyẹ́ǹsì kankan. H.R. yìí ló pààrọ̀ ojú pẹ̀lú Iris, kí Savitar lè pa òun dípò rẹ̀. Ẹni tí gbogbo ilé ń fojú ọ̀lẹ wò ló kú ikú akọni. Ó yẹ kí ilé yẹn dákẹ́ fún ọdún kan. Ṣé ó dákẹ́?

11.
Harry padà. Lẹ́yìn Harry, Sherloque. Lẹ́yìn Sherloque, Nash. Bí àwo bá fọ́, wọ́n á gbé òmíràn jáde láti kọ́ńbọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé Cavanagh mọṣẹ́, mo mọ̀ pé àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ẹni kẹrin fi máa dé, ta ló ṣì ń rántí H.R.? Ikú tí ẹ ní ká sunkún lé lórí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́kọ́ gbàgbé ẹ̀.

12.
Èyí tó tún burú jù ni ti ọmọ Diggle. Barry padà sínú àtijọ́ lọ gba ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó gbìyànjú láti tún un ṣe, ayé sì yí padà. Lára ohun tó yí padà: Sara, ọmọbìnrin Diggle, kò sí mọ́. Ọmọkùnrin kan, John, ló wà ní ipò rẹ̀. Ní 2016, nínú crossover tí wọ́n pè ní Invasion!, Diggle gbọ́ ọ. Ẹ rò ó wò: o ní ọmọ kan, akọni eré mìíràn ló pa á rẹ́, o ò tiẹ̀ rántí orúkọ rẹ̀.

13.
Ìyẹn nìkan tó eré odindi season kan! Kí ni wọ́n fi ṣe? Inú bí Diggle díẹ̀, wọ́n lé àwọn àjèjì láti òfuurufú lọ, oníkálukú relé. Ọmọ èèyàn o! Ẹ ò lè pa ọmọ rẹ́ ní ọjọ́ Tuesday kí ẹ sì máa ṣẹ̀fẹ̀ ní Wednesday. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sunkún ná.

14.
Ó wá kan Crisis on Infinite Earths, oṣù Kejìlá 2019 wọ oṣù Kìíní 2020. Episode márùn-ún. Láti episode àkọ́kọ́ The Flash ni ìwé ìròyìn ọjọ́ iwájú kan ti ń sọ fún wa pé Flash máa pòórá nínú Crisis. Ọdún márùn-ún la fi dúró de ọjọ́ yẹn. Nígbà tó pé, Flash mìíràn ló kú: Barry ti Earth-90, John Wesley Shipp, ẹni tó ṣe Flash lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1990.

15.
Mi ò ní purọ́, ojú mi ṣomi. Ojú bàbá Barry ni Shipp gbé rìn nínú eré yẹn, bàbá tí Zoom ti pa. Àmọ́ ẹ wo ìṣirò ibẹ̀. Gbèsè ni Barry jẹ, wọ́n wá ẹlòmíì tó jọ bàbá rẹ̀ kó wá bá a san án. Barry kò pàdánù nǹkan kan. Ohun tí a ò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́.

16.
Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé “bí ìwé comics ṣe rí nìyẹn”, dúró ná. Crisis inú ìwé, ti Marv Wolfman àti George Pérez, jáde láàárín 1985 sí 1986. Ìdí tí DC fi ṣe é ni láti dín ayé tó ti pọ̀ jù kù. Barry Allen kú níbẹ̀. Barry fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀dà. Wally West jogún aṣọ náà, ó sì ju ogún ọdún lọ kí Barry tó padà ní 2008. Odindi ìran òǹkàwé kan ló dàgbà láìsí i. Ìwé ò ya ojo. Tẹlifíṣọ̀n ló ya ojo.

17.
Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe lo Black Lightning. Eré tó dá dúró ni láti 2018, ìdílé aláwọ̀ dúdú kan ní Freeland, ìṣòro ọ̀tọ̀, ìrora ọ̀tọ̀. Ó dé sínú Crisis lẹ́yìn tí ayé rẹ̀ ti parẹ́ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Ọ̀fọ̀ yẹn kò tíì tutù tí wọ́n fi ní kó wá fi agbára rẹ̀ gba iná ẹ̀rọ kan mọ́ra. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹ sọ ọ́ di jẹnẹrétọ̀! Nígbà tó yá, wọ́n da gbogbo ayé pọ̀ sínú ẹyọ kan, ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ nílé bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

18.
Oliver Queen kú lẹ́ẹ̀mejì nínú Crisis. Ó dáa, a gbà, ọdún mẹ́jọ ló fi ṣiṣẹ́. Àmọ́ nínú episode ìkẹyìn Arrow, ayé tuntun tó dá ti jí Moira, ìyá rẹ̀, ó jí Tommy, ó jí Quentin. Quentin tó kú nítorí Black Siren! Ẹbọ tó rú yẹn wá di kí ni? Moira tó dìde níwájú Slade kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè yè ńkọ́? Ikú wọn ló sọ Oliver di ẹni tó dà. Ẹ jí wọn, ẹ sì ní ká ṣì máa sunkún Oliver.

19.
Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: “Eré ni o, sinmi.” Mi ò ní sinmi. Owó dátà wa ni, ọdún wa ni, ọkàn wa ni. Ẹni tó bá ti sin èèyàn rẹ̀ rí mọ̀ pé ẹni tó jọ ọ́ lè kọjá lọ́jà kí àyà rẹ̀ já, àmọ́ kì í ṣe òun. Eré tó bá ń kọ́ wa pé ojú kan náà ni èèyàn kan náà, irọ́ ló ń pa nípa ìfẹ́. Kò sí ẹni tó ní àfirọ́pò. Ohun tó jẹ́ ká máa bẹ̀rù fún akọni nìyẹn.

20.
Ẹni tó bá fẹ́ rí bó ṣe yẹ kó rí, ẹ wo Loki, oṣù Kẹfà 2021. Thanos ti fún Loki lọ́rùn pa ní 2018. Loki ti inú eré yìí jẹ́ ti 2012, tó sá lọ. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún un? Wọ́n gbé e jókòó, wọ́n fi ayé tí kò tíì gbé hàn án: ikú ìyá rẹ̀, àti ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ nínú ikú náà, títí dé ikú tirẹ̀. Wọn ò pa òkú rẹ́. Òkú yẹn ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀dà lẹ́kọ̀ọ́.

21.
Nínú eré yẹn náà ni Wunmi Mosaku wà, tiwa-n-tiwa, tí wọ́n bí ní Zaria, tó dàgbà ní Manchester. Òun ni Hunter B-15, tó ń mú àwọn ẹ̀dà bí ẹni ń mú olè. Ó wá rí i pé ẹ̀dà ni òun náà, pé òun ní ayé kan rí, wọ́n jí i, wọ́n sì nu ìrántí rẹ̀. Ojú obìnrin yẹn lọ́jọ́ náà! Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí ẹ kọ̀ láti ṣe fún ọmọ Diggle ni wọ́n ṣe fún un: wọ́n jẹ́ ká mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tóbi.

22.
Nítorí náà, nígbà mìíràn tí wọ́n bá tún gbé ẹ̀dà kan wá, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló san gbèsè rẹ̀? Ta ni kò lè wo ojú rẹ̀ láìsunkún? Bó bá lọ, kí ló máa ṣófo? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ “kò sí”, ẹ pa á, ẹ fi dátà yín ṣe nǹkan mìíràn.

23.
Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Eré gbọ́dọ̀ parí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ relé, àwọn tó kù gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára pé ó ti lọ. Ẹni tó bá ní mi ò tọ̀nà, ó yá, ẹ dárúkọ ẹ̀dà kan tó dáa ju Black Siren lọ. Mo wà níbí.