Rédà Kò Rí Ìṣáná Lápò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tó bá ń rò pé ọkọ̀ òfuurufú tó pọn rédà sẹ́yìn ni yóò parí ìjà Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ẹ bá mi sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. E-3 Sentry tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe gbé àwo ràgàjì kan pọ̀n, fífẹ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Nítorí pé ayé rí roboto, rédà orí ilẹ̀ kì í tètè rí ọkọ̀ tó bá ń fò nílẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó wà lókè lè rí i láti ibi tó lé ní 200 máìlì. Kíá, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á fi rédíò pe ọkọ̀ ogun: "Ẹ dìde o!"

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé ó wá lè rí àdá lábẹ́ agbádá? Ṣé ó lè rí ìṣáná lápò? Ọkọ̀ ló ń ṣọ́, kì í ṣọ́ ìbínú.

Nígbà ìjà ilẹ̀ ọdún 2025, ilé jóná, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Ta ni kò ti gbọ́ ìkùnsínú ṣáájú? Ìkìlọ̀ kò wọ́n wa. Ẹni tí yóò dìde ló wọ́n.

Ẹ̀yin ìjọba, ẹ rán wọnlẹ̀wọnlẹ̀, kí wọ́n ri òpó ààlà mọ́lẹ̀ lójú Olóbùú àti Olúfọ́n. Ìlobùú ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Àbí orúkọ lásán ni? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.