Wàrà Àti Nónò: Àánú Ọlọ́run Ni, Kì Í Ṣe Ọ̀ranyàn

 

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdọọdún ni gbogbo ayé fi ń ṣe Ọjọ́ Wàrà. Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tí ó ń bójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, tí à ń pè ní FAO, ni ó dá a sílẹ̀ ní 2001. Bí ọjọ́ náà bá ti kò, a óò máa gbọ́ lórí rédíò pé kí tọmọdé tàgbà máa mu wàrà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá dé inú ọjà, a óò bá àwọn mìíràn tí wọ́n ń búra pé májèlé ni wàrà jẹ́ fún ènìyàn dúdú. Apá kan ń fà á síhìn-ín, apá kejì ń fà á sọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ náà sì ti wọ mọ́sálásí, nítorí àwọn jàmáà máa ń bi mí lẹ́yìn wáàsí pé: "Alùfáà, bí Ọlọ́run bá yin wàrà nínú Àlùkùránì, kí ni ó dé tí inú mi fi ń kùn bí mo bá mu ún tán?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ìdáhùn mi kò gùn. Wàrà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀ranyàn. Èyí tí ó ti kan tàbí tí ó ti dì sì bá inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwa Yorùbá mu ju wàrà tútù lọ. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni à ń pè ní wàrà. Èkíní ni wàrà tútù, èyí tí a fún lára màlúù, tàbí èyí tí a pò láti inú agolo, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní mílíìkì. Èkejì ni nónò, èyí tí ó ti kan, tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri nínú igbá; yógọ́ọ̀tì inú ike sì jẹ́ ẹbí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni wàrà dídì, tí àwọn mìíràn ń pè ní wàràkàṣì, tí à ń rà ní Ìlọrin àti ní agbègbè Òkè-Ògùn, tí à ń dín jẹ. Ìdájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba. Àwọn tí ń jiyàn ni ó ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ní ti ẹ̀sìn, kò sí iyèméjì. Nínú Súrátù Náhlì, ẹsẹ 66, Ọlọ́run Ọba fi wàrà inú ẹran ọ̀sìn ṣe àríkọ́gbọ́n fún wa. Ní òru Ìsráì, nígbà tí wọ́n gbé wàrà àti ọtí síwájú Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, wàrà ni ó mú. Hádíìsì tún fi yé wa pé ó mu wàrà ní ọjọ́ kan, ó sì fi omi yọ ẹnu rẹ̀, ó ní nítorí pé ọ̀rá ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ wo bí ó ti ṣe déédéé tó: ó mu ún, ó sì mọ ohun tí ó wà nínú ohun tí ó mu.

Ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe ní ẹ̀tọ́ fún wa kì í ṣe ohun tí a fi ṣe dandan. Nígbà kan, wọ́n gbé ẹran alángbá ńlá inú aṣálẹ̀ síwájú Ànábì, kò sì jẹ ẹ́. Khalid ọmọ Walid bi í bóyá hàráámù ni. Ó ní rárá, pé kì í ṣe oúnjẹ ilẹ̀ àwọn ènìyàn òun ni. Khalid jẹ ẹ́ níbẹ̀ lójú rẹ̀, kò sì bá a wí. Ẹ̀kọ́ wa nìyí: ẹni tí wàrà kò bá lára mu, tí ó sì fi í sílẹ̀, kò dẹ́ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá lára mu, kí ó mu ún, kí ó sì dúpẹ́.

Kí ni ó wá dé tí inú fi ń kùn? Ṣúgà kan ń bẹ nínú wàrà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní lactose. Kí ṣúgà yìí tó lè dà, omi kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìfun tí yóò fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ọlọ́run fi omi yìí sínú ọmọ tuntun, nítorí ọmú ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, omi náà a máa dín kù lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ayé, àfi lára àwọn ìran tí wọ́n ti ń fi wàrà ṣe oúnjẹ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Bí ṣúgà náà kò bá fọ́, yóò sọ̀ kalẹ̀ sí ìfun ńlá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ibẹ̀ yóò jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ yóò kún inú, ìgbẹ́ gbuuru yóò sì tẹ̀lé e.

Ọmọ ilẹ̀ wa wà lára àwọn tí ó ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ẹni tí ó di Mínísítà Ìlera ní 1985, òun àti Norman Kretchmer ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Wọ́n yẹ oríṣìíríṣìí ẹ̀yà Nàìjíríà wò. Wọ́n rí i pé ṣúgà wàrà kì í dà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlagbà Yorùbá àti Ìbò, ṣùgbọ́n ó ń dà nínú ọ̀pọ̀ àwọn Fúlàní darandaran. Èyí kì í ṣe àrùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èpè. Kò sì túmọ̀ sí pé kí Yorùbá má fẹnu kan wàrà mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lè mu nǹkan bí ife kan pẹ̀lú oúnjẹ kí ohunkóhun má ṣe wọ́n. Àmujù àti àmu sínú òfìfo ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ju inú rírun lọ. Nígbà àwẹ̀, ẹlòmíràn a fi wàrà tútù ṣínu. Kí a tó kírun Ìṣáì tán, ilé ìgbẹ́ ni yóò wà. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, ẹ̀sùn ti dé ọ̀dọ̀ obìnrin Fúlàní tí ó ta wàrà fún un: wọ́n ní ó fi nǹkan sí i. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ilẹ̀ tí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ibi púpọ̀, irú ọ̀rọ̀ yìí dà bí iná nínú koríko gbígbẹ. Nínú Súrátù Hújúrátì, Ọlọ́run kọ̀ fún wa láti máa ro èrò búburú sí ọmọnìkejì wa. Wàrà tí obìnrin náà tà fún ọ, irú rẹ̀ ni ó fún ọmọ tirẹ̀ mu ní àárọ̀. Ọmọ tirẹ̀ sùn, ìwọ kò sùn, nítorí inú yín kò rí bákan náà. Bí ó bá sì jẹ́ ìdọ̀tí ni ó wọ inú igbá, ìdọ̀tí kì í ṣe ìkà; ẹ̀kọ́ ni a fi ń wò ó sàn. Kí a tó pe ẹnìkan ní ọ̀tá, kí a kọ́kọ́ bi inú wa léèrè.

Nónò ńkọ́? Bí wàrà bá ń kan, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tí kì í pa ni lára ni ó ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀. Nítorí náà, ṣúgà tí ń yọ wá lẹ́nu ti dín kù kí ó tó dé ẹnu wa, àwọn kòkòrò náà sì ń bá wa fọ́ ìyókù nínú ìfun. Ní 2010, àjọ tí ń rí sí àìléwu oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù gbà pé òótọ́ ni èyí ní ti yógọ́ọ̀tì tí kòkòrò rẹ̀ ṣì wà láàyè. Kò yẹ kí ó ya Yorùbá lẹ́nu. Àwa tí à ń rẹ àgbàdo fún ògì, tí à ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan kí a tó yan gàrí, a ti mọ̀ tipẹ́ pé kíkan kì í ṣe bíbàjẹ́. Àwọn kan tún ń béèrè bóyá kíkan kò sọ nónò di ọtí. Rárá. Nónò kì í pa ènìyàn bí ọtí, hàláálù ni. Kúmísì tí wọ́n ń fi wàrà abo ẹṣin ṣe ní àárín gbùngbùn Éṣíà ni ọtí ń bẹ nínú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe yin nónò kọjá àlà. Ní oṣù kẹta 2024, àjọ oúnjẹ àti oògùn Amẹ́ríkà gbà kí àwọn tí ń ta yógọ́ọ̀tì kọ ọ́ sára ọjà wọn pé jíjẹ ẹ́ déédéé lè dín ewu àtọ̀gbẹ kù. Ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ọn pé ẹ̀rí rẹ̀ kò pọ̀. Bí àwọn onímọ̀ bá ń rọra sọ̀rọ̀ báyìí, kí ni ti alákiri tí ń pariwo pé nónò ń wo gbogbo àrùn? Ẹ tún ṣọ́ra fún yógọ́ọ̀tì aládùn. Ẹni tí ó ń sá fún àtọ̀gbẹ, tí ó ń mu èyí tí a da ṣúgà kún, ọwọ́ kan ni ó fi ń kọ́lé, ó ń fi ọwọ́ kejì wó o.

Ewu mìíràn wà tí ó kan gbogbo wa, Fúlàní àti Yorùbá. Wàrà tí kò rí iná lè gbé àrùn màlúù wá sára ènìyàn, bí ikọ́ ife ti màlúù àti èyí tí wọ́n ń pè ní brucellosis, tí ń mú ibà lọ-bọ̀ àti oríkèé ríro wá. Kíkan nìkan kò tó láti pa gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń mú wàrà gbóná dé 63 dígírì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí 72 dígírì fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Nínú ilé, ẹ jẹ́ kí ó hó, kí ẹ tó jẹ́ kí ó kan. Wàrà dídì ní àǹfààní níhìn-ín, nítorí orí iná ni wọ́n ti ń fi omi ewé bọmubọmu dì í. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àti omi tí kò mọ́ lè bà á jẹ́ lẹ́yìn èyí, nítorí náà ẹ tún un sè tàbí kí ẹ dín in dáadáa.

Ẹni tí kò mu wàrà rárá kò ní kú sí i. Lóòótọ́, ìwọ̀n gíráàmù 100 wàrà ní nǹkan bí mílígíráàmù 120 kálísíọ́ọ̀mù tí ń mú eegun le, ó sì ní èròjà tí ń mú ara dàgbà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fi í sínú màlúù nìkan. Ó wà nínú edé, nínú ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ teegunteegun, nínú ewédú àti yànmọ̀tí. Ẹ̀wà, ẹyin àti wàrà ṣóyà ń mú ara dàgbà pẹ̀lú. Àwọn baba ńlá wa kò mọ mílíìkì agolo, wọ́n sì kọ ebè. Ní ti ọmọ ọwọ́, ọmú ìyá rẹ̀ ni wàrà tirẹ̀. Súrátù Bákárà, ẹsẹ 233, sọ nípa ọdún méjì gbáko fún ẹni tí ó bá fẹ́ pé e. Àjọ ìlera àgbáyé náà ní kí a fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kí a sì máa fi kún oúnjẹ rẹ̀ títí ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mílíìkì dídùn inú agolo kì í ṣe arọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ó kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ rántí ìtàn ọmọbìnrin ìlú Mèdínà. Séyídínà Umar ń rìn ní òru, ó gbọ́ tí ìyá kan ní kí ọmọ rẹ̀ bu omi lu wàrà, pé Umar kò rí wọn. Ọmọ náà kọ̀, ó ní bí Umar kò bá rí wọn, Olúwa Umar rí wọn. Umar fẹ́ ọmọ náà fún Asim ọmọ rẹ̀, láti ìdílé wọn ni a sì ti bí Umar ọmọ Abdul-Aziz, ọba olódodo tí ó jẹ láti 717 sí 720. Ẹ wá fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà ní 2008. Wọ́n bu omi lu wàrà, wọ́n sì fi melamine, kẹ́míkà tí à ń fi ṣe ike, sí i kí àyẹ̀wò má baà tú wọn fó. Ọmọ ọwọ́ mẹ́fà kú, àwọn tí ó ṣàìsàn tó nǹkan bí 300,000. Omi kékeré ni ìwà náà fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjà tiwa, ìyẹ̀fun mílíìkì kan wà tí wọ́n ń kó wá láti Yúróòpù, tí wọ́n ti yọ ọ̀rá màlúù kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n fi epo ọ̀pẹ rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe májèlé, kì í sì í ṣe hàráámù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojúlówó wàrà. Ẹni tí ó bá ń tà á, kí ó ka ohun tí a kọ sára àpò, kí ó sì sọ ọ́ fún oníbàárà. Ẹni tí ó bá ń wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá fún títà ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù, nítorí àkọlé ti kúrò lára ọjà rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni ó di àkọlé.

Ìjọba náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ní 2019, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun fẹ́ dín owó ilẹ̀ òkèèrè tí à ń fi kó mílíìkì wọlé kù. Ní oṣù keje 2024, Ààrẹ Bola Tinubu kéde ìdásílẹ̀ iléeṣẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìkéde kì í se wàrà. Omi tí ó mọ́ ní gáà, ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà, ẹ̀rọ tí ń mú wàrà tutù, àti dókítà ẹran tí yóò yẹ màlúù wò ni yóò sọ nónò obìnrin Fúlàní di oúnjẹ tí a lè fi ọkàn balẹ̀ rà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wàrà ṣe dandan fún yín, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tí Ọlọ́run ṣe ní ẹ̀tọ́ ṣe èèwọ̀ fún yín. Ẹ mọ inú yín. Ẹ mu ún níwọ̀nba, pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹ sè é. Ẹ tà á pẹ̀lú òdodo. Kí Ọlọ́run fi ohun tí a ń jẹ ṣe ìlera fún wa, kí ó má ṣe fi ṣe ìjà láàárín wa. Àmín. Wàsàlámù.