Ìdíje Ìrìn Kì í Ṣe ti Ọ̀nà Ọlọ́dà

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ti dábàá pé kí a ṣètò ìdíje ìrìn ẹsẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ Kétu ní àsìkò ọyẹ́ tí ń bọ̀. Àbá náà dára, a sì fọwọ́ sí i. Ohun tí a kò fọwọ́ sí ni ọ̀nà tí wọ́n yàn: ọ̀nà ọlọ́dà, láti ẹnu ìlú lọ dé ìdí òkúta kìlómítà kan, kí a sì padà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò gba ẹ̀bùn; fóònù ni yóò máa ka ìṣísẹ̀; ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà ni gbogbo ènìyàn yóò wọ̀. Kí ni irú ìrìn bẹ́ẹ̀ fẹ́ kọ́ wa nípa Kétu? Ẹni tí ó gun zémidjan ti rí gbogbo ohun tí ó wà lójú ọ̀nà náà kí ẹlẹ́sẹ̀ tó gbéra.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí a ṣe dé ibi tí a wà. Ìtàn tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti rìn wá, wọ́n tẹ̀dó sí Aro, kí Ọba Ẹdẹ tó kó wọn wá sí Kétu. Ọdẹ ni ó ṣíwájú wọn, Alálùmọ̀, nítorí pé ó ti ń dẹ igbó ibẹ̀, ó sì mọ ibi tí ó dára láti dó sí. Ọba ni ó tẹ̀ lé ọdẹ. Ní 1886, nígbà tí ogun Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ ìlú, ẹsẹ̀ ni a fi kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú kọjá odò Wẹ̀mẹ̀ lọ sí Agbómẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ni àwọn tí ó ṣẹ́kù fi padà wá tún ìlú tẹ̀ dó lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin. Ọ̀nà Mẹ́kọ ńkọ́? Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1889 fi Mẹ́kọ sí apá kan, ó fi Kétu sí apá kejì, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa kò dẹ́kun láti máa gba ọ̀nà ẹsẹ̀ lọ sí ọjà, sí ìsìnkú, sí ìkómọjáde.

Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ń rí ohun tí a ti sọnù. Lọ́jọ́ kan, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì kan dárúkọ ọ̀nà tí ó lọ sí oko ìyá wọn àgbà. Ọwọ́ tí ó nà sókè kò pé márùn-ún. Àwọn ọmọ kan náà mọ orúkọ àwọn pápá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù! A kò dá wọn lẹ́bi. Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rìn mọ́, koríko ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí ń pín ilẹ̀ fún títà yóò ri òpó mọ́ ọn, kò sì ní sí ẹlẹ́rìí kan tí yóò dìde wí pé ibí yìí ni a máa ń gbà.

Àwọn òbí kan yóò wí pé àwọn kò rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé kí ó tún padà máa rin inú igbó. Èsì wa kúrú: àwọn òyìnbó tí ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá gun àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ kì í ṣe púrúǹtù. Ẹ̀rù kejì wúwo ju èyí lọ, a kò sì fi ṣeré. Àwọn igbó kan wà tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè wọ̀ wọ́n, pàápàá àwọn ọmọbìnrin, ejò wà, iná máa ń jó ọ̀dàn ní àsìkò ọyẹ́, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran kò sì tíì tán. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé kí a má dá lọ. Àwọn ọdẹ àti àwọn onílẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ bẹ̀, kí wọ́n yan ọ̀nà, kí wọ́n sì sọ ibi tí ẹsẹ̀ wa kò gbọdọ̀ dé. Ibi tí wọ́n bá ní kí a yà, a ó yà. Ọmọ tí ó bá sì béèrè ìdí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Ìdíje ńkọ́? Kí ó wà. Ọ̀dọ́ fẹ́ràn ìdíje, àwa náà kò sì ní purọ́ pé a kò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má fi ẹ̀bùn fún ẹni tí ó yára jù. Kí àwọn ọmọ máa gbéra láti Àkàbà Ìdèna ní márùn-ún márùn-ún, kí àgbà kan wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa kọ orúkọ oríta, igi, ojú omi àti ahoro tí wọ́n bá kọjá, ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn. Kí wọ́n sì fi fóònù (ẹ kò rí i pé a kò kórìíra fóònù) gba ohùn ẹni tí ó bá sọ ìtàn orúkọ náà. Àwọn tí orúkọ tiwọn bá pọ̀ jù, tí àwọn àgbà sì jẹ́rìí sí i, ni kí ó gba ẹ̀bùn. Ní ti owó ẹ̀wù, ẹ jẹ́ kí a fi ya àwòrán àwọn ọ̀nà náà, kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí ní èdè méjèèjì, kí òjò àkọ́rọ̀ tó mú koríko hù.