Ta Lo Mọ̀ Níbí?

Ní ìparí oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan gbé páálí jáde ní Accra pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ sílé wọn. Ariwo tó sọ ní ọjà Bálógun àti Ìdúmọ̀tà ní Èkó lọ́sẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Àwọn tó ń kó aṣọ lọ sí Gánà ń bínú, àwọn tó lọ́mọ níbẹ̀ ń bínú, àwọn tí bàbá wọn wà lára àwọn tí Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, lé wálé ní 1969 ń bínú jù wọ́n lọ. Ìjọba àpapọ̀ náà ò dákẹ́, wọ́n rán mínísítà lọ sí Accra. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ lé, ó yẹ kó rí ẹni bá a sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, Ímígíréṣọ̀n Gánà ti kó alágbe ilẹ̀ òkèèrè tó lé ní 2,000 kúrò ní àwọn títì Accra, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn rẹpẹtẹ. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo ní Bálógun lọ́sẹ̀ yẹn. Ta ló fẹ́ pariwo nítorí alágbe? Wọn ò ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò lẹ́gbẹ́, wọn ò ní ọmọ ìyá tó máa bá wọn dé orí tẹlifíṣọ̀n. Níbi gbogbo, bí lílé àjèjì ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í tara ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀, ara ẹni tó ń sùn níta ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Washington, lóṣù Kẹjọ ọdún náà, Trump ní kí àwọn tí ò nílé kó kúrò nílùú, àwọn òṣìṣẹ́ Ímígíréṣọ̀n Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní ICE sì dà sí títì lásìkò kan náà. Ẹni tí ò nílé àti ẹni tí ò níwèé, ojú kan náà ni wọ́n fi wò wọ́n.

Àwa tí à ń bú Trump yìí, ẹ jẹ́ ká rántí Onitsha.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn èèyàn kan sọ́kọ̀, ó di Onitsha, wọ́n já wọn sílẹ̀ lábẹ́ afárá Upper Iweka, ọkọ̀ sì yí orí padà. Ìjọba Anambra ní wọ́n lé ní àádọ́rin, ti Èkó ní wọn ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Peter Obi tó jẹ́ gómìnà Anambra nígbà náà kọ̀wé sí Ààrẹ Jonathan. Àwọn ará Aláùsá, ìyẹn ìjọba Èkó, fèsì pé àwọn kàn fẹ́ dá wọn padà sọ́dọ̀ ẹbí wọn ni, pé àwọn sì ti kọ̀wé sí Anambra ṣáájú. Ẹbí wo ló ń gbé lábẹ́ afárá? Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, Gómìnà Fashola tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ Ìgbò, ọ̀rọ̀ sì rọlẹ̀ díẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni ibi tí a gbé e gbà. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti di ìjà Yorùbá àti Ìgbò. Femi Fani-Kayode kọ tiẹ̀, Orji Uzor Kalu sọ tiẹ̀, gbogbo ilé ọtí ń jà lórí ta ló ni Èkó. Àwọn tí wọ́n já sílẹ̀ lábẹ́ afárá di ẹni ìgbàgbé. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò mọ Ìgbò, kò mọ Yorùbá. Ní 2009, Alao-Akala, gómìnà Ọ̀yọ́ nígbà náà, ti figbe ta pé Èkó ń kó alágbe wá dà sí Ìbàdàn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni àwọn yẹn o, ọmọ káàárọ̀-oò-jíire! Anambra tó ń ké yìí náà, wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án ní 2011 pé ó kó alágbe lọ sí Akwa Ibom àti Ebonyi. Gbogbo wọn ló ń ṣe é síra wọn. Ẹni tó bá ti tòṣì tó, gbogbo ìpínlẹ̀ ló jẹ́ ilẹ̀ àjèjì fún un.

Òfin ò sì fara sin lórí rẹ̀. Abala 41 ìwé òfin 1999 sọ pé ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn síbi tó bá wù ú ní Nàìjíríà, kó sì gbé ibẹ̀. Ṣáájú ìwé òfin yẹn pàápàá, ní oṣù Kìn-ín-ní 1980, ìjọba Shagari gbé Alhaji Shugaba Abdurrahman Darman, olórí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ GNPP nílé ìgbìmọ̀ Borno, lọ já sílẹ̀ ní Chad, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù, kóòtù ní ọmọ Nàìjíríà ni, ó sì ní kí ìjọba san ₦350,000 fún un, kí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó dín in kù sí ₦50,000. Aṣòfin ni Shugaba, ó lẹ́gbẹ́ òṣèlú, ó ní lọ́yà. Ẹ fi wé ẹni tí gbogbo ohun ìní rẹ̀ wà nínú àpò ìrẹsì kan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé, ká wọ Ìsàlẹ̀ Èkó.

Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ ní Ìdúmọ̀tà, tí oníṣọ́ọ̀bù ti fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀, tó ti fi kọ́kọ́rọ́ méjì mẹ́ta há a, alábàárù á tẹ́ páálí sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Òṣùká tó fi ru ẹrù lọ́sàn-án ni ìrọ̀rí. Bàtà á wà lábẹ́ òṣùká kí wọ́n má baà jí i. Owó ọjọ́ náà á wà nínú ṣòkòtò tó wà lábẹ́ ṣòkòtò. Ẹ̀fọn ń kọrin, kòtò ọ̀gbàrá ń rùn, oorun á gbé e lọ bákan náà, torí ẹni tó ti ru bẹ́ẹ̀lì àǹkárá láti Òkè Àrín dé Ẹbúté Èrò ní ìgbà bíi mélòó kan kì í wá oorun tì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á ká páálí, á mú ìgbálẹ̀, á gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́ tónítóní kí ọ̀gá tó dé. Owó ilé tiẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló máa lọ sanwó ìwẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta omi.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn wà nínú wọn, ọmọ Kebbi wà níbẹ̀, Ègùn láti Bẹ̀nẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ Tógò, Hausa láti Niger. Lórí páálí yẹn, ẹnikẹ́ni ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Ọkọ̀ ìjọba tó ń kó èèyàn lóru náà kì í dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Tí igbe bá ti ta pé wọ́n ti ń kó èèyàn o, gbogbo wọn ló máa sá. Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í ní ìwé ìrìnnà. Ìbéèrè tó ń jáde ni: "Kí lò ń ṣe níbí? Ta lo mọ̀ níbí?" Tó bá lè pe oníṣọ́ọ̀bù kan lórí fóònù, tí oníṣọ́ọ̀bù náà sì gbé e, tó ní ọmọ tó ń ru ẹrù fún mi ni, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ á yanjú, bóyá pẹ̀lú owó díẹ̀. Tí fóònù rẹ̀ bá ti kú, tàbí tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wọ Èkó, tàbí tí Yorùbá ò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ku ọwọ́ Ọlọ́run. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́jú alágbe àti ẹni tí ò nílé ní Májídùn, lọ́nà Ìkòròdú, àwọn kan á sì bá ara wọn níbẹ̀. Àwọn mìíràn á bá ara wọn ní títì tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfin ìjọba àpapọ̀ kan ti wà láti 1989 pé kí wọ́n má mú ẹnikẹ́ni mọ́ torí pé ó ń rìn gbéregbère.

Ibi tí mo ń lọ rèé: ní Erékùṣù Èkó, kì í ṣe ìwé ló ń sọ ẹni tó jẹ́ àjèjì. Ẹni tó bá lẹ́ni tó máa jáde wá sọ pé mo mọ̀ ọ́n, ọmọ Èkó ni lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ì báà jẹ́ Lomé ni wọ́n bí i sí. Ẹni tí ò lẹ́nìkan, ì báà jẹ́ Àgége ni wọ́n sin olóbìí rẹ̀ sí, àjèjì pátápátá ni.

Àwọn tó wá láti òkèèrè gan-an ń jìyà náà ní ìlọ́po méjì. Lórí ìwé, àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wọn ní 90 ọjọ́ láìgba físà, Èkó níbí ni wọ́n sì ti tọwọ́ bọ̀wé tó dá ECOWAS sílẹ̀ ní 1975. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kọkànléláàádọ́rùn-ún? Ìwé ìgbélùú ni, owó ni, àdírẹ́sì ni. Páálí kì í ní àdírẹ́sì. Nígbà tí Niger, Mali àti Burkina Faso sì yọ ara wọn kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní 2025, ECOWAS ní kí orílẹ̀-èdè tó kù ṣì máa gba ìwé wọn bó ṣe wà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mẹ́rúwá tó ń ti ọmọlanke omi ní Ọbaléndé? Ta ló sọ ọ́ fún ẹni tó máa mú un? Ẹni tí ẹ̀rù ọkọ̀ ń bà kì í lọ sí ọsibítù, kì í lọ fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá tí wọ́n bá jà á lólè. Àwọn ìyá wa kan wà tí wọ́n gba ọmọ ọ̀dọ̀ láti Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò. Nígbà tí owó oṣù bá tó san, wọ́n á ní, "Tóo bá tún yọ mí lẹ́nu, màá pe Ímígíréṣọ̀n fún ẹ." Ọmọ náà á dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni à ń pe ìyẹn tí kì í bá ṣe olè?

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ. Wọ́n á ní Èkó ti kún jù, pé àwọn alábẹ́ bíríjì ń jalè, pé wọ́n máa dáná sun ìlú. Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2022, iná sọ lábẹ́ afárá Eko Bridge ní Àpọ́ngbọ̀n, níbi tí àwọn èèyàn ti ń tajà, ó ba afárá jẹ́ débi tí wọ́n fi tì í pa. Ìjọba tí kò bá bẹ̀rù irú ìyẹn kò níṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí kọmíṣọ́nnà fún àyíká, Tokunbo Wahab, gbé jáde ní 2024: yàrá 86 tí wọ́n kọ́ sábẹ́ afárá Dolphin Estate ní Ìkòyí, tí àwọn ayálégbé ń san nǹkan bí ₦250,000 lọ́dún. Wọ́n wó o. Ó yẹ ní wíwó. Àmọ́ ẹni tó ń san ₦250,000 lọ́dún kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe alárìnkiri. Ayálégbé ni, onílé rẹ̀ nìkan ni a ò rí lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó ká ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó lára ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní 1955, tí òmìnira ń bọ̀ lọ́nà, ìjọba wo àárín Erékùṣù Èkó, wọ́n ní ilé àwọn èèyàn yìí ń dójú ti olú ìlú, àlejò òyìnbó máa tó dé. LEDB, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku, gbé kátápílà wọ agboolé, ó ń kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Kì í ṣe àjèjì ni wọ́n kó. Ọmọ bíbí inú Èkó ni: ìyá arúgbó tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, tí oníbàárà rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n fún ogún ọdún, tó wá bá ara rẹ̀ ní Sùúrùlérè níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ orúkọ rẹ̀. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Marris ṣèwádìí lọ́dọ̀ wọn, ó gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, ó sì hàn níbẹ̀ pé ọjà ọ̀pọ̀ wọn dẹnu kọlẹ̀, ẹbí sì fọ́n ká. Àwọn bàbá wa kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ṣì ń bínú títí dòní. Ọmọ wọn ló wá ń dúró lójú fèrèsé báyìí tó ń sọ pé kí wọ́n tètè kó àwọn Mọ́là yẹn kúrò.

Kí ni kí ìjọba ṣe? Mi ò sọ pé kí wọ́n fi afárá sílẹ̀ fún ẹni tó ń dáná. Abala 35 ìwé òfin kan náà sọ pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀ láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé e, lákọsílẹ̀, àti pé níbi tí kóòtù bá wà nítòsí, kí wọ́n gbé e débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Àwọn tó kọ abala 41 kọ "ọmọ orílẹ̀-èdè". Nígbà tí wọ́n dé abala 35, "ẹnikẹ́ni" ni wọ́n kọ: ọmọ Niger wà níbẹ̀, ọmọ Tógò wà níbẹ̀. Láti Ìdúmọ̀tà, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn dé kóòtù. Kí Aláùsá fi lọ́yà Office of the Public Defender tiwọn fúnra wọn kan àti ògbufọ̀ Hausa àti Ègùn ti gbogbo ọkọ̀ tó bá jáde lóru, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá kó sílẹ̀, àti ibi tí wọ́n kó o lọ. Ọkọ̀ tí kò bá ní ìwé orúkọ, kó má ṣe kúrò ní Erékùṣù.

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin Ìyálọ́jà àti Bàbálọ́jà, ẹ̀yin náà níṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀ lónìí, ẹ kọ nọ́ńbà ará ilé rẹ̀ sínú ìwé tí ẹ fi ń kọ gbèsè ọjà. Tí ẹ bá dé láàárọ̀ tí ẹ ò rí i, ẹ má kàn wá alábàárù mìíràn. Ẹ lọ bèèrè rẹ̀.