Mbárí tó di Mbáyọ̀: Ta Ni Àwọn Ìpàtẹ Ọnà Wa Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Nígbà tí a bá pàtẹ àwòrán àti ère ní ìlú Èkó, tí a tan iná sí wọn lára, tí a sì lẹ ìwé àlàyé mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ta ni a ń bá sọ̀rọ̀? Lójú tèmi, kì í ṣe àwa ará Ọgbà, kì í sì í ṣe àwọn ará Agége tó múlé tì wá. Àwọn kan á ní ọ̀nà ló jìn, owó ọkọ̀ sì ti wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé ìpàtẹ tí Nike Okundaye ṣí sí Lekki ní 2009 kì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ mélòó nínú àwọn aládùúgbò mi ló ti débẹ̀ rí? (Orúkọ àwọn ènìyàn ni mo kọ bí àwọn fúnra wọn ti ń kọ ọ́.)

Ẹ jẹ́ kí á yà sí Òṣogbo ní 1962. Ní ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tí wọ́n pè é ní Mbari, ọ̀rọ̀ Ìgbò tí Chinua Achebe dábàá. Nígbà tí Duro Ladipo àti Ulli Beier gbé irú rẹ̀ dé Òṣogbo, ilé ọtí Ladipo ni wọ́n sọ di ilé ìpàtẹ àti ilé eré. Àwọn ará ìlú kò gbọ́ Ìgbò. Etí Yorùbá ni wọ́n fi gbọ́ orúkọ náà, ni wọ́n bá sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀, bí ẹni pé: bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Èmi tí mo ń fi ìmọ̀ ẹ̀dá èdè jẹun, n kò mọ àyídà ọ̀rọ̀ kan tó dùn mọ́ mi tó èyí. Ìgbìmọ̀ kankan kò jókòó lé e lórí. Ibẹ̀ wà lójú wọn, ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ. Ijó ni Twins Seven-Seven ń jó fún ẹni tó ń polówó oògùn kiri nígbà tó kọ́kọ́ yọjú síbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ padà dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Nínú àwọn ìpàtẹ tí mo ti wọ̀ ní Èkó, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìwé ara ògiri máa ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì tó le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi ń ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi Yorùbá sọ iṣẹ́ kan lórúkọ, wọn a ṣí àmì orí rẹ̀ dànù. Ẹ kọ “aworan” sílẹ̀ láìsí àmì, kí ẹ wá sọ fún mi ohun tí ẹ kọ. Àwòrán ni, tàbí awòran? Ohun tí a ń wò ni, tàbí ẹni tó ń wò ó? Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal kọ ní 2001 pé inú “à-wò-rántí” ni àwòrán ti jáde. N kò tíì gbà tán pé bí a ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn tó dára ni, kò sì sí ẹni tó lè bá wa dá sí i bí kò bá rí àmì.

Wọ́n á ní èdè wa kò lè gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà òde òní. El Anatsui, ọmọ Ghana tó dé Nsukka ní 1975, fi ọ̀rọ̀ Ewe, Gli, tó túmọ̀ sí ògiri, sọ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tó fi ìdérí ìgò ọtí hun lórúkọ. Orúkọ yìí náà ni Brooklyn fi pàtẹ rẹ̀ ní 2013. Ìdérí ìgò ọtí ṣá! Ta ni yóò kọ́ ará Ọgbà ní ti ìdérí ìgò?

Ní 2017, ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní àyè tirẹ̀ ní ìpàtẹ ńlá Venice, Peju Alatise kó Flying Girls lọ: ère ọmọbìnrin mẹ́jọ tó hu ìyẹ́, tó jáde láti inú ìtàn ọmọ ọ̀dọ̀ kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó ń lálàá pé òun ń fò. Ìyá tó ń ta ata ní Ọjà Sunday kò nílò kí a túmọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ fún òun. Ó lè ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílé rí. Òun fúnra rẹ̀ lè ti jẹ́ ọ̀kan rí. Bóyá á sunkún. Bóyá á ní ìyẹ́ kọ́ ni irú ọmọ yẹn ń fẹ́, pé oúnjẹ àti ilé ìwé ni. Ìdájọ́ yìí ni mo fẹ́ gbọ́, n kò sì lè gbọ́ ọ ní Venice.

Bisi Silva dá ilé ìpàtẹ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Yábàá ní 2007, kò dúró de Erékùṣù. Ilé John Randle tí wọ́n ṣí ní Oníkan ní 2023 náà sì ń fi Yorùbá bá àlejò rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn àti àṣà ni tiwọn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ mẹ́wàá péré láti ọwọ́ àwọn ayàwòrán òde òní, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó ṣófo láàárín Ọgbà sí Agége, nítòsí àwọn tó ń jó irin mọ́ irin àti àwọn tó ń kọ pátákó ìpolówó. Kí wọ́n ṣí i ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, àti ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ní ti ìwé ara ògiri, ọwọ́ mi ni kí wọ́n fi í sí. N ó kọ ọ́ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì lórí, n kò sì ní gba kọ́bọ̀.