Iṣẹ́ Ìlú Lọ́wọ́ Oníṣòwò

Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ilẹ̀ Nàìjíríà ti dájọ́ pé kí a máa san owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sí ọwọ́ wọn tààrà, ni ìrètí ti sọ lọ́kàn gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ ìlú ń dùn. Bí owó náà yóò ti dé ọwọ́ wọn sí kì í ṣe ọ̀ràn tí a fẹ́ sọ lónìí. Ohun tí a fẹ́ pe àkíyèsí ẹ̀yin ìjòyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú sí ni pé níbi tí owó bá gbé wà, àwọn oníṣòwò kì í pẹ́ débẹ̀. Wọn yóò mú ìwé wá, wọn yóò ní: Ẹ fi ọjà yín lé wa lọ́wọ́, ẹ fi ibùdókọ̀ àti kíkó ìdọ̀tí yín lé wa lọ́wọ́, owó wa ni a ó fi ṣe é, a ó sì máa pín èrè rẹ̀ pẹ̀lú yín fún ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ó sì lè jẹ́ òtítọ́, nítorí a kò sọ pé olè ni gbogbo ẹni tí ń wá èrè. Ṣùgbọ́n kí ọba tàbí ìjòyè kan tó bá kánsù súre sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ojú àwọn tí ó ti ṣe é ṣáájú wa rí.

Ohun náà kò tilẹ̀ ṣàjèjì sí wa pátápátá. Àwọn baba wa ní oníbodè, ẹni tí ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ẹrù wọ ìlú, tí ń jíṣẹ́ fún ọba tàbí ìjòyè tí ó fi í síbẹ̀, tí òun náà sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìjòyè tó ẹnubodè rẹ̀. Ó mọ bí ẹrù ti ń wọlé tó ní ọjọ́ ọjà. Bí oníbodè bá sì ṣèrú, ilé rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn tí ń bọ̀ lónìí, ilé wọn jìnnà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti lè rí ẹ̀kọ́ yìí kà jùlọ. Títí di nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, òṣìṣẹ́ kánsù fúnra rẹ̀ ni ó sáábà máa ń kó ìdọ̀tí, tí ń gbá òpópó, tí ń se oúnjẹ àwọn ọmọ ilé ìwé níbẹ̀. Òfin ọdún 1988 wá pàṣẹ pé kí a gbé irú iṣẹ́ wọ̀nyí síta, kí àwọn òṣìṣẹ́ kánsù àti àwọn oníṣòwò jọ dá iye lé e, kí a sì wo ẹni tí iye tirẹ̀ dára jù. Òfin mìíràn ní ọdún 1999 mú ipá náà kúrò, ó ní kí kánsù wá ohun tí ó dára jù fún owó àwọn ará ìlú, ìbáà ṣe nílé, ìbáà ṣe lóde. Láti ìgbà náà ni ó ti wọ́pọ̀ kí kánsù máa bá ilé òwò dá ẹgbẹ́ pọ̀, tí àwọn mìíràn sì ń sọ ẹ̀ka iṣẹ́ tiwọn di ilé òwò tí ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn gba owó.

Ẹ jẹ́ kí a mú kánsù Barnet, ní ìhà àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2013 ó fi èyí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ lé ilé òwò Capita lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́wàá, nínú àdéhùn méjì. Sísan owó oṣù, gbígba owó-orí ilé àti dídá àwọn ará ìlú lóhùn wà nínú èkíní. Àṣẹ ilé kíkọ́, ọ̀nà títì, àti ìtẹ́ òkú pàápàá wà nínú èkejì, èyí tí kánsù àti Capita jọ dá ilé òwò kan sílẹ̀ láti máa ṣe. Ará ìlú kan gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́, ó ní a kò bi àwọn ará ìlú léèrè. Adájọ́ sọ pé bí a bá ti tètè pe ẹjọ́ náà ni, òun ìbá gbà pé kánsù kò bi wọ́n bí òfin ti wí. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta tí òfin fi sílẹ̀ ti kọjá, nítorí láti ọdún díẹ̀ ṣáájú ni kánsù ti pinnu láti gbé iṣẹ́ náà síta. Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin baba wa. Kì í ṣe ọjọ́ tí a tẹ ọwọ́ bọ ìwé ni ọ̀ràn ń bọ́ lọ́wọ́ ìlú. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wí pé kí àwọn oníṣòwò wá ni.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní ọdún 2018 a rán òṣìṣẹ́ Capita kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, nítorí ó ti jí ju mílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn lọ nínú owó kánsù náà, fún oṣù púpọ̀. Ilé òwò náà san owó padà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ṣẹ́kù nínú kánsù tí ojú rẹ̀ ìbá tètè rí i? Àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ mọ irú èyí dáadáa. Ọmọ ilé ìwé tí ń fi ìṣirò rẹ̀ fún ẹlòmíràn ṣe kì í pẹ́ kí ó tó di ẹni tí kò lè mọ̀ bí ìdáhùn tí a mú wá fún un bá tọ̀nà. Ní ọdún 2019 Barnet bẹ̀rẹ̀ sí gba iṣẹ́ ìṣúná rẹ̀ padà. Somerset, tí ó bá IBM dá ilé òwò sílẹ̀ ní ọdún 2007, gba tirẹ̀ padà kí ọdún mẹ́wàá tó pé, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́ láàrin wọn. Nígbà tí ilé òwò Carillion sì wó ní oṣù Kíní ọdún 2018, àwọn ilé ìkàwé Croydon wà lọ́wọ́ rẹ̀, kánsù sì ní láti gbà wọ́n padà wéréwéré.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni ó ti bàjẹ́. Kánsù ẹkùn Norfolk ní ilé òwò tirẹ̀ tí a ń pè ní Norse. Àwọn kánsù mìíràn ń bá a dá ẹgbẹ́ fún iṣẹ́ bíi kíkó ìdọ̀tí, wọ́n sì ń pín nínú èrè. Kánsù ni ó ni ín. Síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kí kánsù ṣáà ti di oníṣòwò ti tó. Nottingham dá ilé òwò iná àti gáàsì sílẹ̀ ní ọdún 2015 kí àwọn tálákà lè rí i rà ní owó pọ́ọ́kú, èrò rere gbáà. Ní ọdún 2020 wọ́n pa á tì, ó sì ti gbé ju mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn mì.

Nílé, Èkó ti tọ́ èyí wò. Ní ọdún 2017 ìjọba ìpínlẹ̀ náà gba kíkó ìdọ̀tí ilé kúrò lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ tí a ń pè ní PSP, ó fà á lé ilé òwò Visionscape lọ́wọ́. Ní ọdún 2018 òkìtì ìdọ̀tí ti gba ojú ọ̀nà, a sì ní láti pe àwọn PSP padà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sì ka kíkó ìdọ̀tí, ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé ìpẹran mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nínú gbogbo ìjà náà, ta ni ó rántí béèrè ohùn kánsù? Òfin kan tún jáde ní ọdún 1998 tí ó ní kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ gba owó-orí àti owó ìlú bí kò ṣe aláṣẹ tí òfin yàn, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ dínà mọ́ ọkọ̀ nítorí wọn. Ẹni tí ó bá ti kó ẹrù láti oko wá sí ọjà mọ bí a ti pa òfin náà mọ́ sí.

Nítorí náà ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn kánsù wa kò pọ̀. Kí a ka ọ̀rọ̀ náà sí etí ìlú ní èdè Yorùbá, ní ààfin àti ní ọjà, kí Ìyálọ́jà àti àwọn awakọ̀ wà níbẹ̀, kí a tó pe oníṣòwò kankan rárá. Kí owó tí a bá gbà wọ àpò kánsù ní tààrà, kí a ti ibẹ̀ san ẹ̀tọ́ ilé òwò fún un. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí kánsù má ṣe lé àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà lọ. Ní ìgbà tí wólé-wólé ń wọ agbolé, àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn rẹ̀, a kò purọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ìkòkò omi tí tanwíjí wà nínú rẹ̀, ó mọ kòtò tí ó dí, ó mọ ẹni tí ń da ìdọ̀tí sódò lóru. Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé àdéhùn kankan, bí a bá sì jẹ́ kí ó bọ́, ogún ọdún ni a ó fi wá a.

Bí irú ìwé yìí bá ti wà níwájú kánsù yín nísinsìnyí, ẹ bi akọ̀wé kánsù ní ìbéèrè kan ní ìpàdé tí ń bọ̀: bí ilé òwò náà bá wó ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ta ni yóò gbá ọjà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé? Bí kò bá lè dárúkọ ẹni náà, kí ìwé náà dúró.