Orúkọ Ìdílé O'Brien

Orúkọ tí a óò yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí ti ilẹ̀ Ireland wá. Ní èdè àwọn ará ibẹ̀, "Ó" ni ọmọ-ọmọ. Ẹni tí ń jẹ́ O'Brien ń wí pé ìran Brian ni òun. Brian Boru ni ẹni náà, ọba lórí àwọn ọba Ireland, tí a pa ní Clontarf lẹ́bàá Dublin ní ọjọ́ Ẹtì Rere, ọdún 1014. Ogun rẹ̀ borí, ṣùgbọ́n òun kò padà sílé.

Ní ọdún 1543, Murrough O'Brien fi oyè ọba àwọn bàbá rẹ̀ lélẹ̀ fún Henry Kẹjọ, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba oyè ìjòyè lọ́wọ́ rẹ̀. Pàṣípààrọ̀ náà kò dùn mọ́ wa nínú. Nígbà tí agbára Gẹ̀ẹ́sì gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé tilẹ̀ gé "Ó" kúrò lára orúkọ wọn, kí àwọn ọmọ wọn tó dá a padà.

Nínú ìran Murrough yìí kan náà ni a bí William Smith O'Brien ní ọdún 1803. Nígbà ìyàn ńlá, ní 1848, ó dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dájọ́ ikú fún un, wọ́n sì sọ ọ́ di ìgbèkùn ní Tasmania. Ilẹ̀ Wales ni ó kú sí ní 1864. Ireland ni wọ́n gbé e lọ sin.